Kí Kátítà Tó Dé Inú Ọkàn

Ní ọjà Sandgrouse ní Lagos Island, ẹni tó ń ta ẹja lè jókòó ti àtẹ rẹ̀, kó máa họ ìpẹ́ lọ́wọ́, kí àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ìlù tó lè tó 180 tàbí 200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Òógùn á bò ó, òyì á máa kọ́ ọ, kò ní lè dìde. Àwọn tó wà nítòsí á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹlòmíì á ti sáré ra omi inú ọ̀rá wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e dé ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ní Ọ̀dán, ìlù náà á ti dáwọ́ dúró lójijì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójijì. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò: ìfúnpá dára, ọkàn ń lù 84, ibà ò sí. Wọ́n á ní kó lọ sinmi, pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ á kúrò lọ́wọ́ dókítà, á di ti wòlíì tàbí ti ààfáà, ẹni tí wọ́n jọ du ojú àtẹ lọ́dún tó kọjá á sì di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí irú èyí ń ṣe ló ní àìsàn kan tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì ti ń wò sàn láti nǹkan bí ọdún 1991, nípa kíki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kátítà gba ìdí itan wọ inú ọkàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé owó kátítà kọ́ ló kọ́kọ́ dínà mọ́ aláìsàn Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun tó kọ́kọ́ dínà mọ́ ọn ni pé kò sẹ́ni tó gba àkọsílẹ̀ ìlù ọkàn rẹ̀ sórí ìwé nígbà tó ń sáré lọ́wọ́.

Ọkàn ènìyàn ní iná tirẹ̀. Lókè rẹ̀, ní apá ọ̀tún, ibi kékeré kan wà tó ń ta iná jáde ní nǹkan bí ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná náà á gba inú yàrá méjèèjì òkè kọjá, á dé ẹnubodè kan láàárín ọkàn, á dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráàyè ṣàn sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀, àwọn yẹn á sì fún ara wọn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ̀nà méjì. Lára àwọn kan, ẹnubodè yẹn fúnra rẹ̀ ló ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan yá, èkejì falẹ̀. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù. Lára àwọn mìíràn, fọ́nrán ẹran kékeré kan tí wọ́n bí mọ́ wọn ló so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí kò yẹ. Dókítà mẹ́ta, Wolff, Parkinson àti White, ló kọ̀wé nípa irú èyí ní 1930, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ọjọ́ tí ìlù kan bá ṣèèṣì wọlé lásìkò tí kò yẹ, iná á gba ọ̀nà kan sọ̀ kalẹ̀, á gba èkejì padà sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, bí awakọ̀ dánfó tó ń yí Campos Square po tí kò ráàyè yà. Ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìlù kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ lójijì. Bí ìyípo náà bá já, ó parí lójijì nìyẹn. Ẹ̀rù kọ́ ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù á ba ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe.

Bí a bá dárúkọ kátítà nílé ìwòsàn wa, ọ̀pọ̀ á rò pé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ là ń sọ. Wọn ò jìnnà sí òótọ́. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Werner Forssmann mú rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ìtọ̀, ó la iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ara rẹ̀, ó sì ń ti rọ́bà náà lọ títí tó fi wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 65. Ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray pẹ̀lú rọ́bà lára, kí wọ́n lè ya àwòrán tó máa fi hàn pé ẹnu rọ́bà ti dé inú ọkàn. Wọn ò kókìkí rẹ̀ nígbà náà. Ó di 1956 kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel, òun pẹ̀lú André Cournand àti Dickinson Richards, àwọn tó sọ ohun tó dà bí eré ọmọdé yẹn di iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ọwọ́ lè dé inú ọkàn láìla àyà.

Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba ọ̀nà yẹn wo ìlù ọkàn sàn. Ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ní Yunifásítì Duke ní North Carolina, Will Sealy la àyà ọkùnrin kan, ó sì gé fọ́nrán Wolff, Parkinson àti White tó ń dààmú rẹ̀. Apẹja ni ọkùnrin náà. Ìlù ọkàn yìí kì í ṣe àìsàn olówó, ì báà jẹ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ ní Sandgrouse. Ní 1981, ní San Francisco, Melvin Scheinman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba inú kátítà rán iná ńlá sí ẹnubodè ọkàn, irú iná tí wọ́n fi ń jí ọkàn tó ti dákú. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó le koko: ẹnubodè yẹn á jó tán, aláìsàn á sì máa lo pésímékà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà kó máa bá ọkàn lù, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni iná ìgbì rédíò. Iná yìí kì í gbo ọkàn jìgìjìgì, ibi tí ẹnu kátítà bá fara kàn nìkan ló ń mú gbóná. Ní 1991, Warren Jackman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Oklahoma tẹ àbájáde wọn jáde: nínú aláìsàn 166 tó ní fọ́nrán àlékún, wọ́n rí i jó lára 164. Ó padà lára 15 nínú wọn, wọ́n sì tún un jó. Láti ìgbà náà ni ọ̀bẹ ti kúrò níbẹ̀. Àwọn dókítà ń pe iṣẹ́ náà ní ablation.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tóóró kan lábẹ́ ẹ̀rọ X-ray. Wọ́n á fá irun ìdí itan rẹ̀, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò nù ún, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ wá iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè, á fi rọ́bà kúkurú kan ṣe ẹnu ọ̀nà síbẹ̀, á wá máa ki kátítà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà méjì lé díẹ̀ lọ. Òrùka irin wà lẹ́nu wọn tó ń gba ìròyìn iná ọkàn jáde, tí kọ̀ǹpútà sì ń fà á ní ìlà-ìlà: ìlà ti òkè, ìlà ti ẹnubodè, ìlà ti ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni dókítà á mọ̀ọ́mọ̀ dá àìsàn náà sílẹ̀. Á fi kátítà ta ọkàn jí lásìkò tó mọ̀ pé iná á ṣìnà, ìlù á sì gbéra sọ. Aláìsàn á ní, "Ó ti dé o, òun gan-an nìyẹn." Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà, kì í ṣe níbi jíjó. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún láti ọdún mélòó kan pé kò sóhun tó ń ṣe é, ó rí ìlà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, yàrá náà kún fún ẹlẹ́rìí.

Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí ìyípo náà gbà, wọ́n á gbé ẹnu kátítà tó ń jó nǹkan lé e, ẹnu tí kò gùn ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Iná á wọlé, ẹran ibẹ̀ á gbóná ju 50 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á kú, á di àpá, iná ò ní lè gbabẹ̀ mọ́. Wọ́n á tún gbìyànjú láti dá àìsàn náà sílẹ̀. Bí kò bá dìde mọ́, wọ́n á yọ kátítà, wọ́n á tẹ ìdí itan mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, aláìsàn á sì nà gbalaja fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ń padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ewu wà níbẹ̀, kò yẹ ká fi pa mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ jó sún mọ́ ẹnubodè tó yẹ kó wà láàyè gan-an. Bí kátítà bá yẹ̀ díẹ̀, ẹnubodè lè bà jẹ́, kí aláìsàn sì nílò pésímékà. Lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kan nínú 100. Àwọn tí wọ́n wò sàn sì lé ní 95 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù fi sọ ọ́ di ìmọ̀ràn gbòógì ní 2019 pé ẹni tí irú ìlù yìí bá ń dé bá léraléra ni kí wọ́n fi iṣẹ́ kátítà lọ̀, dípò kí wọ́n máa fún un ní oògùn láti ọdún dé ọdún.

Ẹni tó bá ń rò pé ohun àjèjì ni kí wọ́n ki kátítà wọnú ọkàn ní Èkó kò tíì wo àyíká rẹ̀ dáadáa. Ní 2013, Bode Falase àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún jáde nípa pésímékà tí wọ́n ń fi sára àwọn aláìsàn ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Nàìjíríà ní ìwé àkójọ kan ṣoṣo fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Adeyemi Johnson, Falase àti àwọn mìíràn tún tẹ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi kátítà la iṣan ọkàn tó dí ní yàrá kátítà kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Johnson yìí náà ló dá First Cardiology Consultants sílẹ̀ ní Ìkòyí, ibi tí kò jìnnà sí Sandgrouse rárá. Ìjọba Èkó ní ilé ìwòsàn ọkàn àti kíndìnrín ní Gbàgádà. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, Tristate ti Kamar Adeleke ń ṣe iṣẹ́ ọkàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock. Àwọn tó lè ti kátítà wọlé wà, X-ray wà, àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ yàrá náà wà. Síbẹ̀, nígbà tí Aimé Bonny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú PASCAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Áfíríkà, ṣe àkójọ ọdún 2011 sí 2016, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, ohun tó hàn ni pé pésímékà ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àmọ́ àwọn tó ń fi kátítà jó ọ̀nà iná ò pọ̀, àwọn ará Àríwá Áfíríkà àti South Africa ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Kí ló dé tí pésímékà fi gbalẹ̀ tí èyí ò gbalẹ̀? Wọ́n á ní owó ni. Ṣùgbọ́n pésímékà náà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà àti irin tí wọ́n fi ń la iṣan ọkàn. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹni tó nílò pésímékà ń gbé ẹ̀rí àìsàn rẹ̀ káàkiri. Ọjọ́ tó bá wù ú kó dé ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá so ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń kọ ìlù ọkàn sórí ìwé, mọ́ ọn láyà, wọ́n á rí i pé ìlù rẹ̀ ti falẹ̀. Ẹni tí ìlù tirẹ̀ ń sáré tó sì ń dúró kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ tó bá ti dúró. Lóòótọ́, fọ́nrán Wolff, Parkinson àti White máa ń fi àmì sílẹ̀ lórí ECG ẹlòmíì kódà nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹnubodè ọlọ́nà méjì, èyí tó wọ́pọ̀ jù, kì í fi àmì kankan sílẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn ò dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn. Bí aláìsàn ò bá dé, dókítà tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lókè òkun ò ní rí ẹni tó máa ṣe é fún tó bá padà wálé. Bí kò bá rí ẹni ṣe é fún, kò sí ilé ìwòsàn tó máa ra ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ìyípo yìí ṣe ń lọ nìyẹn, ìwé ECG tó gùn bí ọwọ́ méjì ló sì lè já a.

Ìwé yẹn ò ní kí wọ́n lọ ra ohun tuntun. Ẹ̀rọ ECG kì í ṣe ohun tuntun ní Èkó. Ohun tó kù ni kí nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní àṣẹ láti so ó mọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù lójú ẹsẹ̀, kó tó ní kó lọ gba káàdì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀ tán, wọ́n lè fi ọwọ́ lásán dá ìlù náà dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 428, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015: aláìsàn á jókòó sẹ́yìn díẹ̀, á fẹ́ èémí sínú ẹnu síríǹjì mìlílítà mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú àáyá 15 bí ẹni fẹ́ ti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́yìn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 15 mìíràn. Ọkàn àwọn tí wọ́n ṣe é fún báyìí padà sípò lára 43 nínú 100; àwọn tó fẹ́ èémí lásán láìgbé ẹsẹ̀ sókè, 17 péré. Síríǹjì kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. ECG yìí kan náà ló tún ń dáàbò bo ẹ̀mí: bí ẹni tó ní fọ́nrán àlékún bá ní irú ìlù ségesège kan, oògùn verapamil tàbí digoxin tó wúlò fún ẹlòmíì lè pa á. Ẹni tí kò rí ìwé kò lè mọ̀.

Wọ́n á ní àìsàn yìí kò pọ̀ tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Marshfield ní Wisconsin, tó jáde ní 1998, rí i pé ó tó ènìyàn méjì lé díẹ̀ nínú 1,000 tó ní irú ìlù yìí, 2.25 ni wọ́n kọ. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 209,437 fún ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island. Bí ti Èkó bá rí bíi ti ibẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tó ń gbé erékùṣù yẹn tí ìlù yìí ń ṣe á tó 470. Marshfield kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó, mo gbà, ìṣirò náà sì lè lé tàbí kó dín. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gé e sí ìdajì, ó ṣì kún yàrá ìwòsàn. Ìyẹn ò tíì ka àwọn tó ń ti Mainland wá ṣòwò lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe arúgbó: ọ̀dọ́ ni wọ́n, tàbí abiyamọ, ẹni tó ṣì ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún láti fi ṣiṣẹ́.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa wá, pé kí owó tó wà lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì gba ti wọn ní ibi kan. Àìsàn ìlù ọkàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní atrial fibrillation, nínú èyí tí yàrá òkè ọkàn kàn ń gbọ̀n tí ìlù ò tẹ̀lé ara wọn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn tí ibà làkúrègbé ìgbà èwe ti bà jẹ́ wà lára ohun tó ń fà á níbí, rọpárọsẹ̀ ló sì sábà máa ń tẹ̀lé e. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú Lancet ní 2016, tó kó ènìyàn 15,400 láti orílẹ̀-èdè 47, àwọn ará Áfíríkà tó gbé ìlù yìí wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì, 20 nínú 100 wọn ti kú kó tó pé ọdún kan. Ní gbogbo ayé lápapọ̀, 11 ni. Kátítà ń wo èyí náà: ní 1998 ni Michel Haïssaguerre ní Bordeaux fi hàn pé iná tó ń dá a sílẹ̀ sábà máa ń wá láti inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ẹ̀dọ̀fóró. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jó ẹnu àwọn iṣan yẹn yíká, wọ́n ti ń fi òtútù líle dì í, àti láti ìparí 2023 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ń fọwọ́ sí kátítà tó ń fi iná kúkurú líle pa ibẹ̀ láìsí ooru tó pọ̀. Iṣẹ́ tó wọ́n ni, ó gùn, ó sì ń béèrè ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọkàn. Nínú ìwádìí CABANA tó jáde ní 2019, lára ènìyàn 2,204, wọn ò rí i dájú pé ó dín ikú àti rọpárọsẹ̀ kù ju oògùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn tí wọ́n ṣe é fún balẹ̀ jù. Fún ìdí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Èkó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi ò ní bá a dá sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló yẹ kó ṣáájú fún àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò lè pa ọ̀nà iná kejì dé.

Àwọn kan á fa orúkọ Samuel Okwaraji yọ, agbábọ́ọ̀lù tó ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì dìde mọ́. Ká má tan ara wa. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkàn tó ti tóbi jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ tó ń jí ọkàn létí pápá, àti ẹni tó ti wọn ìfúnpá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ló lè ran irú rẹ̀ lọ́wọ́. Kátítà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ fún gbogbo àìsàn ọkàn ń ba ọjà jẹ́ ni.

Ó wá ku owó. Kátítà wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn tó ń ṣe é sì ní kí wọ́n lò ó. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, FDA fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ tó gbàṣẹ máa fọ irú èyí tó kàn ń gba ìròyìn iná, kí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀, kí wọ́n tún un tà. Bí Èkó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, kó jẹ́ lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ìwé tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má ṣe é lábẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó ń sọ pé oògùn ti tó gbàgbé pé propranolol ojoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó ń mú ara wúwo, ìlù náà sì tún ń dé. Ti ẹni tó ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí Íńdíà, a mọ̀ ọ́n: ìwé ìrìnnà, ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tó máa sìn ín lọ. Iye tí ènìyàn mẹ́wàá ń ná lọ síbẹ̀ ń kúrò nílùú láìfi ìmọ̀ kankan sílẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ọwọ́. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tó ń ṣe é lóòrèkóòrè, nítorí mìlímítà díẹ̀ ló wà láàárín ìwòsàn àti pésímékà. Bí ilé ìwòsàn márùn-ún bá ra ẹ̀rọ, tí kálukú ń rí aláìsàn mẹ́fà lọ́dún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn. Ibì kan ṣoṣo ni kí Èkó fi ṣe ibùdó, kí iná ibẹ̀ má ṣe já lójijì nígbà tí kátítà wà nínú ọkàn, kí Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dán, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Massey àti àwọn ìyókù máa fi aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ECG lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí irú èyí ń ṣe, ẹ má dúró kó lọ tán kí ẹ tó jáde nílé. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí òyì gbé yín ṣubú, pàjáwìrì nìyẹn. Kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ béèrè ECG kí ẹ tó béèrè oògùn, kí wọ́n sì kọ àkókò tí wọ́n gbà á sí i lára. Ẹ fi fóònù ya ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé irú ìwé yẹn máa ń ṣá tó bá pẹ́, ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà ọkàn.